Òkúta dúdú jáde nínú kànga wa n'Ìjerò: báwo la ṣe lè dá a mọ̀?

ỌmọÌjerò

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Inú oṣù tó kọjá la gbẹ́ kànga sẹ́yìn ilé tí bàbá wa fi sílẹ̀ n'Ìjerò-Èkìtì. Nígbà tí àwọn agbẹ́kànga wọlẹ̀ tó ìdúró èèyàn méjì, ilẹ̀ pupa tán, wọ́n kan òkúta funfun tó le koko. Àárín òkúta funfun yìí ni nǹkan dúdú kan wà. Ó gùn bí ìka ọwọ́, ó ń dán bí ìgò, òmíràn nípọn tó ọrùn ọwọ́ ọmọdé. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nǹkan mìíràn tún wà tí àwọ̀ rẹ̀ jẹ́ elésè àlùkò, tó ń ṣí ní pẹlẹbẹ-pẹlẹbẹ bí ojú ìwé. A sì rí àwọn wóró dúdú kéékèèké nínú ẹrẹ̀ tí wọ́n kó jáde.

Kò pẹ́ tí àlejò fi ń kanlẹ̀kùn. Ẹni àkọ́kọ́ ní èédú ilẹ̀ lásán ni, kí n jẹ́ kí òun bá mi kó o kúrò, òun á fún mi lówó ẹmu. Ẹnìkejì ní tantalite ni, òkúta tí wọ́n ń yọ irin tantalum nínú rẹ̀, pé owó ńlá wà nídìí rẹ̀, ṣùgbọ́n kí n kọ́kọ́ san owó àyẹ̀wò fún òun. Ẹnìkẹta ò sọ nǹkan kan, ó kàn fẹ́ mú méjì lọ fi han ọ̀gá rẹ̀. Ìyá mi ní n kò gbọdọ̀ fún ẹnikẹ́ni.

Iṣẹ́ iná mànàmáná ni mò ń ṣe, mi ò kọ́ nípa òkúta rí. Ǹjẹ́ ohun kan wà tí èèyàn lè ṣe nílé láti mọ ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, kó tó di pé ó gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ yẹ̀ ẹ́ wò? Mo ti gbé fọ́tò mẹ́rin síbí.

Bàbá Awakùsà

Àbúrò mi, o ṣeun tó o gbọ́ ti ìyá ẹ. Ó ti lé lógún ọdún tí mo ti wà nídìí kùsà, mo ti rí ẹni tó ta òkúta olówó iyebíye lówó gààrí, mo sì ti rí ẹni tó kó owó ilé sórí ìgò tí wọ́n yọ́. Àwọ̀ ló tan àwọn méjèèjì jẹ. Tourmaline nìkan, òkúta ọ̀ṣọ́ kan, mo ti rí dúdú, mo ti rí aláwọ̀ ewé, mo ti rí pupa rẹ́súrẹ́sú, mo ti rí èyí tí inú rẹ̀ pupa tí èèpo rẹ̀ sì jẹ́ àwọ̀ ewé bíi bàrà tí wọ́n là. Quartz náà ń funfun, ó ń rí bí èéfín, ó ń jẹ́ elésè àlùkò. Fọ́tò rẹ dára, ṣùgbọ́n fọ́tò kì í sọ bí nǹkan ṣe le tó, kì í sì í sọ bó ṣe wúwo tó. Ẹni tó bá wo fọ́tò tó búra fún ẹ pé báyìí ló jẹ́, má gbà á gbọ́, bó tiẹ̀ jẹ́ èmi ni.

Líle rẹ̀ ni kó o kọ́kọ́ wò. Ará Jámánì kan tí wọ́n ń pè ní Friedrich Mohs ló to òkúta mẹ́wàá tẹ̀léra ní 1812, a ṣì ń lò ó dòní. Talc ló rọ̀ jù, òun ni 1. Gypsum ni 2, calcite 3, fluorite 4, apatite 5, feldspar 6, quartz 7, topaz 8, corundum tó jẹ́ ìdílé ruby àti sapphire 9, dáyámọ́ǹdì 10. Èyí tó le ló ń ha èyí tó rọ̀. Nínú ohun tó wà nílé, èékánná jẹ́ bíi 2 àbọ̀, ojú ọ̀bẹ àti gíláàsì fèrèsé bíi 5 àbọ̀, fáìlì àwọn wẹ́dà bíi 6 àbọ̀. Ẹni tó bá ti dé Ẹ̀sìẹ́ ní Kwara, tó rí nǹkan bí 1,000 ère òkúta ọṣẹ tó wà níbẹ̀, á mọ ohun tí òkúta rírọ̀ jẹ́. Talc ló pọ̀ nínú òkúta náà, ìdí rẹ̀ nìyẹn tí àwọn tó gbẹ́ ẹ láyé àtijọ́ fi lè fín irun orí àti ilà ojú sí i lára bẹ́ẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, kí ẹnikẹ́ni má lọ fi èékánná dán ère Ẹ̀sìẹ́ wò o. Ohun ìní gbogbo wa ni.

Bó o ṣe máa ṣe é rèé. Wá ibi tí òkúta náà ti ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ́, torí èyí tí òjò àti oòrùn ti jẹ lára máa ń rọ̀ ju inú rẹ̀ lọ. Fi igun rẹ̀ ha gíláàsì tó o tẹ́ sórí tábìlì, kì í ṣe èyí tó o dì mọ́wọ́. Tẹ̀ ẹ́ dáadáa. Wá fi omi nu ojú ibẹ̀. Bí ìlà yẹn bá pa rẹ́, ìyẹ̀fun òkúta ló dúró síbẹ̀, gíláàsì ló le jù. Bí ìlà náà bá wà níbẹ̀ síbẹ̀, tí èékánná rẹ ń kọ́ ọ, òkúta ló borí. Kó o sì yí i padà: fi gíláàsì ha òkúta náà wò, kí ọ̀rọ̀ má baà dá lórí ẹ̀rí ẹyọ kan.

Tọ́lá_Bódìjà

Wọ́n ní ohun tó bá ti lè ya gíláàsì, dáyámọ́ǹdì ni. Ohun tí wọ́n sọ fún èmi nìyẹn nígbà tí mo ra tèmi.

Bàbá Awakùsà

Tọ́lá ọmọ mi, ó dùn mí láti sọ ọ́, ṣùgbọ́n kò rí bẹ́ẹ̀. Ohunkóhun tó bá ti lé ní 6 ló ń ya gíláàsì. Quartz ń yà á, quartz ló sì pọ̀ jù nínú iyanrìn tí a fi ń po sìmẹ́ǹtì. Gbé tìrẹ sábẹ́ gíláàsì tó ń mú nǹkan tóbi. Bó o bá rí òfuurufú roboto kéékèèké nínú rẹ̀ bíi hóóhó ọṣẹ, ìgò ni. Bí kò bá sì ya gíláàsì rárá, kì í ṣe dáyámọ́ǹdì.

Ìyá Ìbejì_Adó

Ẹ kú àlàyé, bàbá. Kẹ́místírì ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ, ohun tí mo sì fẹ́ràn jù láti fi hàn wọ́n kò náni ní kọ́bọ̀: ẹ̀yìn táìlì. Ojú táìlì ń yọ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn rẹ̀ tí wọn kò kùn máa ń rí ṣákiṣàki. Ẹ fi òkúta fà á níbẹ̀, kẹ́ ẹ wo àwọ̀ ìyẹ̀fun tó fi sílẹ̀. Òkúta lè parọ́ pẹ̀lú ara rẹ̀, ìyẹ̀fun rẹ̀ kì í sábà parọ́.

Òkúta irin ló máa ń ya àwọn ọmọ náà lẹ́nu jù. Oríṣi méjì ló wà nínú irin Ìtakpe ní Kogi. Haematite lè dúdú, ó tún lè máa kọ mànà bíi fàdákà, ṣùgbọ́n bí ẹ bá ti fà á lẹ́yìn táìlì, ìyẹ̀fun pupa bí osùn ló máa jáde, nígbà gbogbo. Magnetite, ìyẹ̀fun tirẹ̀ dúdú, òòfà sì ń gbé e. Bí ẹ bá kó òkúta méjèèjì síwájú ọmọ tí kò tíì rí wọn rí, á ní ọ̀kan náà ni wọ́n. Lẹ́yìn ìlà kan ṣoṣo, kò tún ní ṣì wọ́n mú mọ́.

Ohun kan wà tí ẹ gbọ́dọ̀ ṣọ́ra fún. Táìlì fúnra rẹ̀ le tó bíi 6 àbọ̀ sí 7. Òkúta tó bá le jù ú lọ kò ní fi ìyẹ̀fun sílẹ̀, táìlì ló máa ha, ìyẹ̀fun táìlì lẹ máa wá rò pé tòkúta ni. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ wé èérún rẹ̀ kékeré nínú aṣọ, ẹ fi òòlù lù ú, ẹ da ìyẹ̀fun rẹ̀ sórí bébà funfun. Ẹ bo ojú yín o, èérún òkúta kì í ṣe nǹkan à ń fi ojú gbà.

Fún ọmọ wa ará Ìjerò: ìyẹ̀fun èédú dúdú bí ẹ̀yìn ìkòkò. Ti tantalite dúdú tàbí kó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀. Ti cassiterite, tí wọ́n ń yọ táńganran nínú rẹ̀, funfun tàbí kó rí bí ẹ̀kọ ọkà bàbà tó ti fò. Ti tourmaline dúdú, ẹ ò ní gbà á gbọ́, funfun ni.

Ṣẹ́gun_Ẹ̀fọ̀n

Kí ẹ tó kúrò lórí dúdú, ẹ jẹ́ ká sọ ti funfun náà, torí òun ló gba gbogbo òkè wa. Abẹ́ òkè Ẹ̀fọ̀n-Aláayè ni wọ́n bí mi sí, gbogbo àlejò tó bá sì ti rí òkúta funfun níbẹ̀ á ní mábù ni. Kì í ṣe mábù. Quartzite ni, iyanrìn àtijọ́ tí ooru àti ìtẹ̀mọ́lẹ̀ sọ di òkúta líle. Irú òkúta yìí náà ni omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ Ìkọ́gòsì ń gbà jáde. Ọ̀bẹ yín ò lè ha á. Mábù, ọ̀bẹ máa ha á tìrọ̀rùn-tìrọ̀rùn, torí 3 tàbí 3 àbọ̀ ni líle rẹ̀.

Ẹ tún lè kán omi ọsàn wẹ́wẹ́ sí i. Bí òkúta bá jẹ́ òkúta ẹfun bíi ti Ewékorò, tó jẹ́ ìsàlẹ̀ òkun nígbà kan, tí ìkarahun ẹran omi ṣì wà nínú rẹ̀, á hó. Mábù tó jẹ́ dolomite, ìbátan òkúta ẹfun, kì í fẹ́ hó, àfi kẹ́ ẹ kọ́kọ́ ha á di ìyẹ̀fun, kẹ́ ẹ wá kán omi náà sórí ìyẹ̀fun, kẹ́ ẹ sì gbé etí sún mọ́ ọn. Quartz ò ní dá a lóhùn rárá. Ẹ má lo omi bátìrì ọkọ̀ o, mo bẹ yín. Ọsàn tàbí fínígà ti tó.

Ó ku feldspar. Òun àti quartz jọ ń gbé inú òkúta kan náà, àwọ̀ wọn sì lè jọra, ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe ń fọ́ yàtọ̀. Feldspar ń là ní ojú pẹrẹsẹ. Bí ẹ bá yí i sí oòrùn, odindi ojú kan á kọ mànà lẹ́ẹ̀kan náà bíi dígí, ojú kejì á sì dúró sí i ní igun bíi ti ṣúgà onígun. Quartz kì í là, ṣe ló ń fọ́ bí ìdí ìgò, pẹ̀lú ìlà róbótó-róbótó tó ń tẹ̀lé ara wọn. Ẹ lọ wo òkè Ìdànrè. Àwọn wóró gbọọrọ tó tóbi bí ìka tó wà lára àpáta yẹn, feldspar ni. Nǹkan eérú tó dà bí ìgò láàárín wọn, quartz ni. Àwọn dúdú tó ń kọ yẹ̀rì-yẹ̀rì, máíkà ni, èyí tí èékánná lè ṣí ní ewé-ewé. Àwọn mẹ́ta yìí ló para pọ̀ di akọ òkúta, àpáta náà sì ti pé nǹkan bí 600 mílíọ̀nù ọdún. Nígbà tí olùkọ́ wa fi èyí hàn wá, mo dúró síbẹ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú, mò ń ka wóró. Mo rò pé ọjọ́ yẹn ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í ríran.

Adùkẹ́_Peckham

Ẹ káàsán gbogbo ilé. Bí ẹ bá ní síkéèlì tí wọ́n fi ń wọn ìyẹ̀fun àkàrà òyìnbó, ohun tó dáa ju gbogbo àyẹ̀wò yìí lọ wà lọ́wọ́ yín. Ẹ kọ́kọ́ wọn òkúta ní gbígbẹ, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ wá gbé ife omi sórí síkéèlì, ẹ tẹ bọ́tìnì kó padà sí òdo. Ẹ so òkúta mọ́ òwú tẹ́ẹ́rẹ́, ẹ rì í sínú omi láìjẹ́ kó kan ìsàlẹ̀ tàbí ẹ̀gbẹ́ ife, ẹ di òwú náà mú lókè. Síkéèlì á gbé iye kan jáde. Iye yẹn ni ìwọ̀n omi tó gba ààyè òkúta. Ẹ fi í pín iye àkọ́kọ́; èyí tó bá jáde ni ìlọ́po tí òkúta fi wúwo tó omi.

Bí òkúta bá jẹ́ gíráàmù 53 ní gbígbẹ, tí síkéèlì sì sọ 20, 2.65 ni, bíi quartz. Ìgò lásán wà láàárín 2.4 sí 2.6, ìyẹn ló fi ń ṣòro láti fi èyí nìkan yà á sọ́tọ̀ sí quartz. Tourmaline jẹ́ 3.0 sí 3.2. Òkúta irin ń lọ sí 5. Cassiterite ń sún mọ́ 7. Èédú ilẹ̀ kì í sábà ju 1.5 lọ. Ẹni tó pe nǹkan yẹn ní èédú fún yín, síkéèlì á dá a lóhùn.

Òkúta gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹyọ kan láìsí òmíràn lára rẹ̀, kó sì tóbi díẹ̀. Bí síkéèlì bá jẹ́ èyí tí kò mọ ohun tó kéré ju gíráàmù 1 lọ, òkúta tí kò ju bí ẹ̀wà lọ kò ní fún yín ní òótọ́.

ỌmọÌjerò

Ẹ ṣé púpọ̀. Mo ti ṣe gbogbo rẹ̀ lálẹ́ àná, ìyá mi ló ń tan tọ́ọ̀ṣì sí i.

Èyí tó gùn, ó ya gíláàsì, ìlà náà ò pa rẹ́. Ó ha táìlì, nítorí náà mo lù ú gẹ́gẹ́ bí Ìyá Ìbejì ṣe wí. Ìyẹ̀fun rẹ̀ funfun! Òkúta dúdú kirikiri, ìyẹ̀fun funfun. Gíráàmù 87 ní gbígbẹ, 28 nínú omi, ó jẹ́ 3.1. Òòfà ò gbé e. Mo gbé e sínú iná ààrò, kò jó.

Ti elésè àlùkò, mo fi abẹ ṣí i ní ewé-ewé, èékánná ń fẹ́rẹ̀ẹ́ ha á.

Àwọn wóró dúdú inú ẹrẹ̀ ló ń rú mi lójú. Mo wọn ọ̀kan, gíráàmù 41, omi sọ 6. Ó ń lọ sí 6.8. Ṣé mo ṣì í ṣe ni?

Adùkẹ́_Peckham

O ò ṣì í ṣe, àbúrò, ṣùgbọ́n 6 yẹn lè jẹ́ 5 àbọ̀, ó sì lè jẹ́ 6 àbọ̀, síkéèlì ò mọ̀. Kó márùn-ún tàbí mẹ́fà tó jọra pọ̀ sínú àpò nẹ́ẹ̀tì tẹ́ẹ́rẹ́, kó o wọn wọ́n lápapọ̀. Ìṣìnà yẹn á kéré gan-an.

Bàbá Awakùsà

Ẹyọ ìbéèrè kan. Èyí tó gùn yẹn, wo ìdí rẹ̀ níbi tó ti ṣẹ́. Igun mélòó ló ní? Kó o sì wo ara rẹ̀, bóyá ìlà wà lára rẹ̀ àti ibi tí ìlà náà dojú kọ.

ỌmọÌjerò

Ó rí bí igun mẹ́ta, ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ wú síta díẹ̀. Ìlà wẹ́wẹ́ pọ̀ lára rẹ̀, láti òkè dé ìdí.

Mo kó mẹ́fà jọ, ẹ̀gbọ́n mi. Gíráàmù 214, omi sọ 31. 6.9 ni.

Bàbá Awakùsà

Ọ̀rọ̀ ti yé. Igun mẹ́ta tó wú, ìlà tó ń sáré lọ ní gígùn, 3.1, ìyẹ̀fun funfun, ó le ju gíláàsì lọ: tourmaline dúdú ni, èyí tí wọ́n ń pè ní schorl. Ká ní igun mẹ́fà tó tẹ́ pẹrẹsẹ ló ní, tó sì fúyẹ́ sí 2.7, mi ò bá ní kó o wo ìdílé beryl, tí aquamarine wà nínú rẹ̀. Ká ní ìlà rẹ̀ dábùú ara rẹ̀, mi ò bá ní quartz. Kì í ṣe èédú. Kì í sì í ṣe tantalite, torí tantalite wúwo ju ìlọ́po méjì rẹ̀ lọ. Mi ò ní tàn ẹ́, schorl kì í mówó wọlé púpọ̀, ó wọ́pọ̀ ní irú ilẹ̀ yín. Ṣùgbọ́n ibi tí dúdú bá wà, aláwọ̀ lè wà ní tòsí, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má fi òòlù lu ibẹ̀.

Bó o bá fẹ́ rí nǹkan àrà, mú èyí tó kéré nínú schorl náà, yá a lórí iná díẹ̀díẹ̀, gbé e sún mọ́ eérú wẹ́wẹ́ bó ṣe ń tutù. Ó lè fa eérú mọ́ra. Ó ti tó ọ̀ọ́dúnrún ọdún tí àwọn oníṣòwò ará Netherlands ti pe tourmaline ní afa-eérú. Má ṣe èyí sí aláwọ̀ o, ooru lè là á.

Ti elésè àlùkò, máíkà ni, lepidolite lorúkọ rẹ̀, lithium tí wọ́n fi ń ṣe bátìrì wà nínú rẹ̀. Ìjerò mọ̀ ọ́n dáadáa.

Àwọn wóró yẹn ló gba sùúrù. 6.9 bá cassiterite mu. Wo ìyẹ̀fun rẹ̀: bó bá mọ́lẹ̀, ọ̀nà cassiterite ló ń tọ̀. Bó bá dúdú tàbí ó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, tantalite tàbí columbite tó jẹ́ ìbátan rẹ̀ ló wà níbẹ̀. Níbi tá a dé yìí, ọwọ́ àti ojú ti ṣe tiwọn tán. Ẹ̀rọ nìkan ló lè sọ iye tantalum tó wà nínú wóró kan.

Rónkẹ́_Òṣogbo

Ẹ jọ̀wọ́ ẹ bá mi wo tèmi náà. Lẹ́yìn òjò, mo rí òkúta kan lóko, ó ń yọ̀ bí ẹni pé wọ́n fi ọwọ́ dán an, orí kan mú bí àáké. Ìyá àgbà ní ẹdùn àrá ni. Lójú ọ̀nà oko náà mo rí òmíràn, dúdú, wíwúwo, ihò wà lára rẹ̀. Ẹnì kan ní láti ojú ọ̀run ló ti já bọ́.

Akẹ́kọ̀ọ́_Ìṣẹ̀ǹbáyé

Ẹ̀gbọ́n Rónkẹ́, ẹ tọ́jú èyí àkọ́kọ́ bí ìyá àgbà bá ṣe ní kẹ́ ẹ tọ́jú rẹ̀. Àwọn baba ńlá wa tí irin kò tíì dé ọwọ́ wọn ló lọ irú òkúta bẹ́ẹ̀ di àáké, òjò ló ń fọ ilẹ̀ kúrò lórí wọn, ìyẹn ló fi jẹ́ pé lẹ́yìn àrá la sábà ń rí wọn. Àwọn ọmọ Ṣàngó ń tọ́jú wọn sórí odó títí dòní, bẹ́ẹ̀ náà ni ní Brazil àti Cuba. Ohun tẹ́ ẹ fi máa dá a mọ̀ ni pé ó dọ́gba lápá méjèèjì, ojú rẹ̀ sì ní ìlà wẹ́wẹ́ ibi tí wọ́n ti lọ̀ ọ́. Omi ò lè dán òkúta kó fi ojú mímú sí i lórí kan ṣoṣo. Ẹ kọ ibi tẹ́ ẹ ti rí i sílẹ̀.

Èkejì, mo gbà pé ìdàrọ́ ni. Àwọn alágbẹ̀dẹ tó ń yọ́ irin láyé àtijọ́ fi pọ̀ sílẹ̀ káàkiri ilẹ̀ Yorùbá. Ihò yẹn ló tú u fó, torí òkúta ojú ọ̀run kì í sábà ní ihò hóóhó nínú. Òkúta ojú ọ̀run máa ń ní èèpo dúdú fẹ́lẹ́ bí ẹni pé wọ́n yan án, inú rẹ̀ á sì mọ́lẹ̀ jù ú lọ, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni òòfà ń fà. Òòfà lè fa ìdàrọ́ náà, nítorí náà òòfà nìkan ò tó.

Àlájì_Iléṣà

Níbi tẹ́ ẹ ti ń sọ̀rọ̀ yìí, ẹ bá mi kìlọ̀ fún àwọn ọ̀dọ́ tó ń sáré lẹ́yìn ohun tó ń dán nínú odò. Lọ́dọ̀ wa láti Ìpèrìndó dé Ìfẹ̀wàrà, wúrà wà lóòótọ́. Ṣùgbọ́n máíkà tí oòrùn ti pa ń tàn bíi wúrà, pyrite, òkúta irin àti imí ọjọ́, náà ń tàn bíi wúrà. Ẹ gún un lábẹ́rẹ́. Wúrà á tẹ̀, á fẹ̀, kò ní fọ́. Máíkà á ṣí ní ewé. Pyrite á fọ́ wẹ́wẹ́, ìyẹ̀fun rẹ̀ á sì dúdú. Wúrà tún ní ìwà kan: bẹ́ ẹ gbé e sábẹ́ òjìji, kì í ṣíwọ́ dídán. Máíkà á kú mọ́ yín lọ́wọ́ bí ẹ bá ti yí i kúrò lójú oòrùn. Wúrà tó mọ́ fi ìlọ́po 19 wúwo ju omi lọ, pyrite jẹ́ 5. Nínú igbá, wúrà ló ń gbẹ̀yìn.

Ìyá Ìbejì_Adó

Àlájì, ẹ ṣeun. Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀rọ̀ kan kún un tó wà lọ́kàn mi gan-an. Ẹ má ṣe lọ òkúta kùsà nínú ilé, ẹ má ṣe gbé e dé ìdí ẹ̀rọ ìlọta. Ní Zamfara lọ́dún 2010, òkúta wúrà tí wọ́n ń lọ láàárín agbo ilé ní òjé nínú. Eruku rẹ̀ bà lé oúnjẹ àti ilẹ̀, ó kéré tán 400 ọmọdé ló kú. Èérún tí mo ní kẹ́ ẹ lù nínú aṣọ lẹ́ẹ̀kan kò ju bí wóró àgbàdo lọ, ìta gbangba ni kẹ́ ẹ sì ti ṣe é, kẹ́ ẹ fọwọ́ yín lẹ́yìn rẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi ahọ́n tọ́ òkúta tí kò mọ̀ wò.

Ìyàwó ilé tó bá ń ka èyí, ẹ wo tìróò yín. Ọ̀pọ̀ nínú èyí tí wọ́n ń tà ní ọjà, galena ni, òjé ni púpọ̀ jù nínú rẹ̀. Ẹ lè dá a mọ̀ kí wọ́n tó lọ̀ ọ́: ó wúwo lọ́wọ́ ju bó ṣe tóbi lọ, ó tó 7.5, ó ń dán bí irin tuntun, ó sì ń là ní igun mẹ́rin-mẹ́rin bí àpótí kékeré. Ìyẹ̀fun rẹ̀ jẹ́ eérú dúdú. Ẹ má lé e sójú ọmọ ọwọ́. Mo lé e fún àwọn ìbejì mi nígbà tí wọ́n wà lọ́mọ oṣù mẹ́ta nítorí n kò mọ̀, ó ṣì ń dùn mí.

Ọmọ_Ìlọrin

Bí ìdílé yín bá ní ìlẹ̀kẹ̀, ẹ má kán ọsàn sí i láti dán an wò. Ìyùn gidi yóò hó, torí irú nǹkan kan náà pẹ̀lú òkúta ẹfun ló wà nínú rẹ̀, ọsàn yóò sì bà á jẹ́. Lántànà, ìlẹ̀kẹ̀ òkúta tí àwọn bàbá wa máa ń lọ̀ n'Ìlọrin nígbà kan, ìdílé quartz ni, ọ̀bẹ ò ràn án, ó sì máa ń tutù lẹ́rẹ̀kẹ́ ju ike lọ. Ẹ gbé e kan ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó tó.

Lọ́yà_Ọmọ_Èkìtì

ỌmọÌjerò, kó o tó ṣe nǹkan mìíràn, mọ èyí: òfin ohun àlùmọ́ọ́nì ilẹ̀ ti 2007 sọ pé ìjọba àpapọ̀ ló ni gbogbo ohun àlùmọ́ọ́nì tó wà nínú ilẹ̀, bó tiẹ̀ jẹ́ ilẹ̀ bàbá rẹ. Kànga lo gbẹ́, kò sẹ́ni tó máa bi ọ́ léèrè ìyẹn. Ṣùgbọ́n wíwa kùsà fún títà gba ìwé àṣẹ láti ọ́fíìsì Mining Cadastre l'Ábújá. Ẹni tó bá ń rọ̀ ọ́ láti máa gbẹ́ lọ lóru, tìrẹ kọ́ ló ń ṣe. Ẹni tó bá sì ní ìwé àṣẹ tó wá sórí ilẹ̀ yín ní láti bá yín ṣe àdéhùn owó gbà-má-bínú fún ohun tó bá bàjẹ́.

ỌmọÌjerò

Ẹ̀yin àgbà, mo dọ̀bálẹ̀. Mo fọ́ wóró kan nínú ẹrẹ̀ yẹn gẹ́gẹ́ bí ẹ ṣe wí, níta, nínú aṣọ. Ìyẹ̀fun rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó rí bí ẹ̀kọ tó fò gẹ́lẹ́. Mo ti bá olùkọ́ kan ní ẹ̀ka ìmọ̀ ilẹ̀ ní yunifásítì sọ̀rọ̀, ó ní kí n mú mẹ́ta wá lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, kí n kọ nọ́ńbà sára ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí n sì kọ ibi tó ti jáde àti bó ṣe jìn tó sílẹ̀. Ẹni tó ní kí n san owó àyẹ̀wò padà wá lánàá. Mo gbé síkéèlì àti ife omi síwájú rẹ̀, mo ní kó jẹ́ ká jọ wọn èyí tó gùn. Ó ní òun gbàgbé nǹkan sínú ọkọ̀, kò sì padà wọlé.

Ìyá mi ti kó tìróò rẹ̀ jáde láti inú àpótí. Ó ní kí n wọn òun náà.